Irú Àlàájà ní Ọjà Ìpàtà: ta ló ṣe é gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń ra irú, ẹ gbọ́: ọ̀dọ̀ Àlàájà oníru ni, ní Ọjà Ìpàtà nílùú Ìlọrin, lápá ibi tí àwọn aláta ń tẹ́ àtẹ sí. Kò gbé pátákó kankan kọ́ síwájú ìsọ̀. Imú yín ló máa mú yín débẹ̀. Irú wooro rẹ̀ ni kí ẹ rà. Irú pẹ̀tẹ̀ rẹ̀ kò burú, àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún èmi. Ó ń ta irú sóyà náà, ó sì máa ń sọ fún oníbàárà pé sóyà ni kó tó gba owó. Nítorí ìyẹn nìkan, màá kọjá ìsọ̀ mẹ́wàá kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ti ta sóyà fún rí ní owó irúgbá, èso igi tí a fi ń ṣe irú gidi, mọ ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Irúgbá dúdú, ó pẹlẹbẹ, ó sì máa ń rọ́ mọ́ ìka bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Sóyà fẹ́ẹ́rẹ́ láwọ̀, ó sì máa ń là sí méjì. Òórùn wọn jọra nínú ọjà. Inú ìkòkò ni wọ́n ti ń pínyà: ẹ fi sóyà se ọbẹ̀ ilá láàárọ̀, tó bá di alẹ́ adùn rẹ̀ ti lọ. Irúgbá á ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ lúrú ni, ẹ má tilẹ̀ dán sóyà wò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nípa ìsọ̀ yìí kọjá adùn o, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ iye owó nìkan ló ń wá, kó máa lọ sí ìsàlẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà láti Òrò ni mí, Ìlọrin ni mo ṣe ìyàwó sí, báyọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Nínú ìwé tí a fi ń kọ́ wọn, àwòrán kan wà níbi tí tata ti ń jẹ koríko, ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ tata, ejò ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́, àṣá wá gbé ejò. Ènìyàn kò sí níbẹ̀ rárá. Nínú ìwé mìíràn, ènìyàn wà lókè pátápátá, ó ń jẹ gbogbo wọn, ohunkóhun kò sì jẹ ẹ́. Ọdọọdún ni ọmọ kan máa ń nawọ́ sókè pé, "Ànọ́tí, àwa ńkọ́? Ibo la wà?" N kò fẹ́ràn ìdáhùn kankan tí ìwé yẹn fún mi. Ibi tí wọ́n ti ń se irú ni mo ti rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Abúlé kan lọ́nà Afọn ni Àlàájà àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń se é, ó sì gbà kí n bá òun lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e kaná. Èèpo èso yìí le débi pé iná gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ fún wákàtí méjìlá ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń jí lóru láti bu omi kún un. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á dà á sínú odó, wọ́n á da eérú sí i, wọ́n á máa rọra gún un títí èèpo á fi bó. Gígún yìí lọ́gbọ́n nínú, nítorí bí ọmọ odó bá wúwo jù, wooro ti di pẹ̀tẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á gbé e lọ sódò, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú ajẹ̀rẹ̀ títí tí omi á fi mọ́. Wọ́n á tún un sè. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ sọ di pẹ̀tẹ̀, wọ́n á fi káún sí i kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ́ ewé sínú igbá, wọ́n á da èso gbígbóná náà sí i, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á fi àpò tó nípọn wé gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sí kọ̀rọ̀ ilé fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn parí síbẹ̀. Àwọn tó kù níbi iṣẹ́, ojú lásán kò lè rí wọn. Kòkòrò àìfojúrí (bakitéríà) ni wọ́n, Bacillus subtilis ni àwọn onímọ̀ sì ń pe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò bù wọ́n sínú igbá yẹn; ara ewé ni wọ́n ti wá, ara igbá, afẹ́fẹ́ yàrá, àti ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Wọ́n ń tú púrótéènì inú èso náà palẹ̀, ooru ń jáde, ààmóníà ń jáde, òun ló ń fa òórùn tí àwọn ọmọ mi fi máa ń di imú. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò náà lọ́jọ́ kejì, ó gbóná ju ara mi lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí iná nítòsí.

Mo bi Àlàájà pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó gbé kúrò. Ó wò mí.

"Ìyàwó, èmi kọ́ ni mo ń ṣe é. Bíbò ni mo ń bò ó. Tí mo bá tètè ṣí i, kò ní dénú. Tí mo bá gbàgbé rẹ̀, á bàjẹ́."

N kò tíì rí olùkọ́ báyọ́lọ́jì tó ṣàlàyé ipò ọmọ aráyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí igbá kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé igi irúgbá bá ti ń wọ́, òdòdó rẹ̀ á yọ, pupa, róbótó, ó ń rọ̀ dirodiro lórí okùn gígùn. Ọwọ́ alẹ́ ló máa ń ṣí, oje dídùn á sì kún orí rẹ̀. Ta ló ń jáde lálẹ́ láti mu nǹkan dídùn lórí igi? Àdán ni. Ní 1957, àwọn onímọ̀ méjì, Baker àti Harris, kọ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Gánà jáde, wọ́n ṣàlàyé bí àdán ṣe ń fò láti òdòdó dé òdòdó pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ní ojú àti àyà rẹ̀, tí igi náà sì fi ń gba oyún. Oyin náà ń bẹ òdòdó yẹn wò, àmọ́ àdán ni igi yìí múra dè: bó ṣe rọ̀ sílẹ̀ sí gbangba, bó ṣe jẹ́ pé òru ló ń ṣí.

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ẹyẹ ni wọ́n fura sí pé ó ń wò. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ọbẹ̀ wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ládùúgbò tí mò ń gbé, tí àdán bá bà sórí igi máńgòrò lálẹ́, àwọn ọmọ á mú rọ́bà, àwọn ìyá wọn á ní kí wọ́n ta á dáadáa, pé àjẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá wọ̀nyẹn á rán ọmọ lọ ra irú. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé ìpàdé àwọn ìyàwó ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì sọ pé àjẹ́ tó ń se irú kò burú. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀síwájú.

(Ẹ jẹ́ n fi èyí kún un: orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ìran igi yìí, Parkia, Robert Brown ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1826 nítorí Mungo Park, ará Scotland tó rìn lẹ́bàá odò Ọya tó sì kú sínú rẹ̀ ní Bùsà ní 1806. Agbègbè Bùsà yẹn wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí títí di 1991 kí wọ́n tó gbé e fún Niger. Igi tí àwọn ìyá ìyá wa ti ń se, orúkọ àlejò ni wọ́n kọ sí i lára.)

Àwọn tó ń kó èso wá fún Àlàájà ń bọ̀ láti Kaiama àti Bàrùtẹ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa igi náà yà mí lẹ́nu: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń gbìn ín. Ó ń hù fúnra rẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, tó gé ọ̀pọ̀ igi dànù, ó máa ń dá irúgbá àti igi òrí sí, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ilé òun. Irúgbá ń lò tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó so, nítorí náà ẹni tó dá ọ̀dọ́ igi sí lè má jẹ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ máa ń lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ òféefèé tó wà nínú pódì rẹ̀, wọ́n á sì tu èso dànù sí ibi tí wọ́n bá dé. Ẹ wo ọ̀nà Kaiama láti inú ọkọ̀: oko àgbàdo, oko iṣu, irúgbá kan níbí, igi òrí kan lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ á ní bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn. Ìdásí ọ̀pọ̀ ìran àgbẹ̀ ló mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, pé ibo la wà, nìyí gan-an. Arthur Tansley, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì, tó dá ọ̀rọ̀ náà "ecosystem" sílẹ̀ ní 1935, ìyẹn àpapọ̀ àwọn ẹ̀dá ibì kan pẹ̀lú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ wọn, kò yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Ó ní a lágbára ju àwọn ẹ̀dá yòókù lọ, a ń da èyí tó wà rú, a sì ń dá òmíràn sílẹ̀. Aldo Leopold, ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ igbó, tó kú ní 1948, sọ pé kí a yé pe ara wa ní aṣẹ́gun ilẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni wá láàárín ilẹ̀, omi, ewéko àti ẹranko. Ẹni tó bá ń jókòó sí ìdí tàfsír, ìtumọ̀ Àlùkùránì, ní Ìlọrin nígbà ààwẹ̀ kò ní pe ìyẹn ní nǹkan tuntun. Súrátù-l-An‘ám, ẹsẹ̀ 38, ti sọ pé ẹranko tó ń rìn lórí ilẹ̀ àti ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ méjèèjì fò, ìjọ ni wọ́n bíi tiyín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àfáà láìmọye ìgbà. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dárúkọ àdán.

Ti Arne Naess, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Norway, ló le jù fún mi. Ní 1973 ó kọ̀wé pé a kò gbọdọ̀ dáàbò bo ẹ̀dá kìkì nítorí èrè tiwa. Ìwàláàyè wọn níye lórí fúnra rẹ̀. Lójú rẹ̀, gbogbo ẹjọ́ irú tí mo ń bá àdán rò yìí kò tíì dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀: àdán lẹ́tọ̀ọ́ láti wà bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan sí ọbẹ̀ mi. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ọmọ tó ti fa rọ́bà, tó ti di ojú kan, ọbẹ̀ ni màá fi bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí n kò lè bá wọn dé, àwọn tó ń sọ pé ibi tó bá dára jù láyé ni ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀. Ní Olókemèjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó pín ilẹ̀ kan sí ọ̀nà mẹ́ta láti 1929. Wọ́n ń dáná sun apá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, apá kejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí koríko ti gbẹ tán, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Èyí tí iná kò kàn di igbó kìjikìji. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn di koríko pẹ̀lú igi díẹ̀. Irúgbá kì í ṣe igi abẹ́ igbó. Oòrùn ló ń wá. Bí gbogbo wa bá kó kúrò lórí ilẹ̀ gúúsù Kwara lónìí, tí iná kò sì jó mọ́, igbó á dé, irúgbá á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ki ilẹ̀ ní "ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yerí" ti rí èyí tipẹ́: ọkọ́ wa kì í ṣe ọ̀tá ilẹ̀, òòyà rẹ̀ ni. Ẹni tó ń yarun fún ènìyàn sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbé òòyà sílẹ̀.

Ẹ lọ wo ọ̀nà Jẹ́bà kí ẹ rí àwọn tí kò gbé e sílẹ̀. Àpò èédú lórí àpò èédú ní etí títì, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó máa kó wọn lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò igi tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ láti fi ṣe èédú lọ́nà tí àwọn ará oko ń gbà ṣe é, bíi mẹ́wàá sí ogún péré ló ń jáde ní èédú. Irúgbá àti igi òrí ń jó dáadáa, ìdí nìyẹn tí ààké fi ń wá wọn. Igi tí bàbá dá sí fún ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ ta á ní ọ̀sán ọjọ́ kan. N kò lè bú ọmọ náà tán, nítorí ẹni tó ń ra èédú wà ní Ìlọrin, ó sì ń fi yan ẹran jẹ. Àlàájà ní àpò èso tí wọ́n ń kó wá fún òun ń dín kù lọ́dọọdún, pé torí rẹ̀ lòun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta sóyà.

Mo gbọ́dọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu Àlàájà pàápàá níbí. Wákàtí méjìlá lórí iná, kí a tó tún un sè, igi púpọ̀ ló ń jẹ. Àwókù pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ló ń lò jù, èèpo irúgbá gbígbẹ náà sì wà nínú rẹ̀, èyí dára. Àmọ́ ààrò òkúta mẹ́ta ni, gbangba gbàǹgbà, atẹ́gùn ń gbé ìdajì ooru lọ. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ mọ ààrò tó ní ògiri yíká, pé igi tó ń rà á dín kù. Ó ní kí n mú ẹni tó máa mọ ọ́n wá pẹ̀lú owó rẹ̀. Omi tí wọ́n fi fọ èso, odò ni wọ́n ń dà á padà sí, ó dúdú, ó sì ń rùn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan ń pọn omi nísàlẹ̀ odò yẹn. Èyí kò dára rárá, mo sì sọ ọ́ fún un ní ojúkojú. Ó dákẹ́.

Ti láílọ́ọ̀nù náà ń bí mi nínú. Ohun tí ewé bò dàgbà, láílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n á dì í sí bí ẹ bá débẹ̀. Ó ní ewé eéran lábẹ́ tábìlì o, àmọ́ àfi kí ẹ béèrè. Ẹ béèrè. Irú inú ewé kì í tètè làágùn.

Iye owó: ife kékeré wooro jẹ́ ₦500 nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, pẹ̀tẹ̀ kò jìnnà sí i, sóyà jẹ́ ₦300. Bí ẹ bá ra púpọ̀, á fi èènì sí i láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Láàárín oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹta ọdún, irúgbá máa ń wọ́n, nítorí òdòdó ló wà lórí igi, èso tuntun kò tíì dé. Bí oṣù karùn-ún bá wọlé, owó rẹ̀ á rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ra tèmi lọ́pọ̀, mo máa ń sá wooro sóòrùn títí á fi gbẹ, kí n tó kó o sínú ìgò. Pẹ̀tẹ̀, inú fíríìsà ló ń gbé, kí ẹ dì í lẹ́ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yìnyín yín á máa rùn.

Kò gba tíránsífà, owó lọ́wọ́ nìkan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó máa ń palẹ̀ mọ́ kó tó di aago méjìlá, kò sì ní padà dé títí wọ́n á fi kírun tán.